Ẹgbẹ̀sán Tí Mo Ná Di Ẹgbẹ̀rin

Ọmọ́wùnmí ọmọ mi,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ibi iṣẹ́ rẹ ní Èkó àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń jókòó níbẹ̀. Ọlọ́run tó ń gbé ẹ lọ láàárọ̀ tó ń gbé ẹ bọ̀ nírọ̀lẹ́ kò ní sùn lọ lọ́jọ́ tìrẹ. Ó yẹ kí n kọ ọ́ síbí pé ara wa le, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń kọ ọ́. Ara mi sì le lóòótọ́, àfi pé èmi àti màmá rẹ nìkan la mọ̀ ní gbogbo Igando. Àwọn yòókù ti ń múra ìsìnkú mi.

Ìwọ náà lo mú mi lọ sí ọsibítù nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, tí dókítà ní kí n dín ara kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara náà á gbé mi lọ. Ó ní kí n lọ rí obìnrin kan ní yàrá ẹ̀yìn, ẹni tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe máa jẹun. Ìgbà yẹn o wà níta, o ń ra oògùn, ìdí nìyẹn tí o kò fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọdé ni obìnrin náà, kò lè jù ẹ́ lọ. Ó ní kí n gun ìwọ̀n, ó wo ìwọ̀n, ó wo ojú mi, ó ní kí n má jẹ kọjá ẹgbẹ̀sán kálórì lójúmọ́. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní agbára tó wà nínú oúnjẹ ni, a kì í fojú rí i, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìyẹn yé mi. Bí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì náà ni, wọ́n á ní o ti lò ó, o ò sì ní rántí ìgbà tó tàn.

Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ọmọ gáréèjì ni bàbá rẹ. Ìgbà tí mo fi ń pe èrò sọ́kọ̀ ní Ìkòtún kì í ṣe kékeré, kò sì sí ẹni tó dá iye kan lé mi tí mo gbà á bó ṣe pè é. Owó orí màmá rẹ gan-an, mo ná an, wọ́n sì dín in. Ẹni tó bá pe ẹgbẹ̀sán, ó mọ ibi tó fẹ́ já a sí. Mo ní ẹgbẹ̀ta. Ó ní rárá, bàbá, ẹgbẹ̀sán ni. Mo ní ó dáa, mo fi igba lé e, ẹgbẹ̀rin, kó jẹ́ kí n máa lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá, a kì í ná an. Ṣebí ohun tí gbogbo ọlọ́jà ń sọ nìyẹn. Mo dìde, mo ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí a ṣe ń fi ọjà tí a fẹ́ rà sílẹ̀. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi pè mí padà. Ọmọ mi, ọlọ́jà tó bá ti pè ẹ́ padà, ó ti gbà nìyẹn. Ó ní mo gbàgbé fìlà mi. Mo gba fìlà, mo dúpẹ́, mo mú ẹgbẹ̀rin mi lọ sílé. Mo rò pé mo jèrè. Ebi ni mo lọ rà ní ọ̀pọ̀.

Màmá rẹ ló ń wọn oúnjẹ fún mi nínú ife tí wọ́n fún wa lọ́sibítù. Láàárọ̀, ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín tí èèyàn lè fi sápò ẹ̀wù. Lálẹ́, ẹ̀bà tó jẹ́ pé bí mo bá bù ú lẹ́ẹ̀kan ó ti tán, ọbẹ̀ á wá kù, èmi àti ọbẹ̀ á máa wo ara wa. Màmá rẹ ní òun ò lè máa jẹun lójú mi, ó kó abọ́ tirẹ̀ lọ sí kíṣìnnì, mo wá ń gbọ́ bó ṣe ń fọ́ eegun. Kò pẹ́ tí ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn.

Ìpàdé ẹbí lórí ààlà ilẹ̀ ló tú mi fó. Mo dìde kí n sọ ibi tí ààlà wà, torí èmi ni àgbà tó kù tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, tèmi lọ́jọ́ náà, èyí tó ti wà nínú tẹ́lẹ̀ gan-an kò rọ́nà jáde. Ojú mi ṣú, mo ṣubú lé Oyèníran lẹ́sẹ̀. Àbúrò mi lọ́dọ̀ bàbá ni, o sì mọ ojú tó fi ń wo ilé yìí. Àwọn tó kù ń bu omi sí mi lórí, òun ń sunkún, ó sì ń bi mí ibi tí mo kó ìwé ilẹ̀ sí.

Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá kí mi. Ìyàwó Oyèníran gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ wá. Bí mo bá jẹ ẹ́, mo ti ba kálórì jẹ́. Bí mi ò bá jẹ ẹ́, mo ti pè é ní apani. Mo dúpẹ́, mo ní dókítà ni kò jẹ́. Ó gbé abọ́ rẹ̀ jáde, ó ń sọ káàkiri pé ọ̀nà ọ̀fun mi ti dí. Àwọn aláṣọ funfun tó ń jọ́sìn lẹ́yìnkùlé wa wá gbàdúrà, wọ́n ní àwọn rí i pé ẹnì kan ń jẹ mí láti inú, kí n gba ààwẹ̀. Mo ní èwo ló kù tí mo fẹ́ gbà. Festus, ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó ní òun ò fẹ́ dà mí láàmú o, ṣùgbọ́n láti oṣù tó ń bọ̀, ta ni kí òun máa san owó ilé fún. Ìgbálẹ̀ ni màmá rẹ fi lé e.

Màmá rẹ náà ló padà lọ bá obìnrin ọsibítù. Obìnrin náà dọwọ́ borí. Ó ní òun ti ka ohun tí ara mi ń lò lójúmọ́, òun ti yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí òun tó lanu, pé iye ìgbẹ̀yìn ni òun kọ́kọ́ sọ. Ó ní ńṣe ló yẹ kí ẹran ara máa lọ díẹ̀díẹ̀, bí ayálégbé tó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, èmi wá jù ú síta lójijì. Mo ti padà sórí ẹgbẹ̀sán báyìí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti rọlẹ̀, inú òun dùn. Òun nìkan ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó lẹ́yìnkùlé, Oyèníran mú awọnlẹ̀ kan wọlé. Ó kí mi dáadáa, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kí téèpù kọjá. Mo gbé e. Ọmọ́wùnmí, ìwọ nìkan ni mo bí, ó sì ti ń sọ pé ilé bàbá kì í bá ọmọbìnrin lọ sílé ọkọ. Tí mo bá tún sanra, ẹ̀jẹ̀ ríru á pa mí, Oyèníran á gba ilé. Tí mo bá rù báyìí, á gbà á lójú mi. Mi ò mọ èwo ni kí n ṣe mọ́.

Jọ̀ọ́, ìwọ àti ọkọ rẹ ẹ wá ní Sátidé, ẹ múra dáadáa, kí wọ́n rí i pé mo léèyàn. Kí o sì fi owó ránṣẹ́ ṣáájú. O mọ̀ pé àwọn ará ibí ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé àwọn kì í ṣe títà. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ tèmi pé ilé yìí kì í ṣe títà, onílé kò ṣàìsàn, ó ń dín ara kù ni. Mo lọ bá akunlé kan ní Ìkòtún. Ó ní kí n san gbogbo owó sílẹ̀. Mo ní kí ló dé, ṣebí ààbọ̀ ni gbogbo èèyàn ń san kí iṣẹ́ tó parí. Ó wo ọrùn mi, ó wo ìka mi, ó tún na ọwọ́ sí mi. Èyí ni mi ò lè ná. Bá mi wá owó náà.

Elédùmarè á fún ẹ ní ọmọ tó pọ̀ ju èyí tí mo bí lọ. Ilé ọkọ rẹ kò ní tú. Ìwọ lo máa sin mí, kó sì jẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti kú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Julius Ọláyíwọlá,
Igando.