Ọ̀pá Kì í Ṣe Mítà

Aguidi,
Sakété.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá, 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Anicet,

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà lo fi ránṣẹ́. Okùn ọgọ́ta ọ̀pá gba 6.000. Ọ̀kadà zẹ́mìjàn lọ sí ọjà Sakété, àlọ àti àbọ̀, gba 1.500. Ó ku 2.500.

Má bínú pé owó ni mo kọ́kọ́ kà kí n tó kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun ní yunifásítì Kàlàví, àbí kọ̀ǹpútà lo ń jẹ? Ìyá wa ń kí ọ, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Èéfín ìdáná gaàrí ṣì ń ta mí lójú.

Àkànmú, ọ̀rọ̀ kan wà tí o gbọ́dọ̀ gbọ́ kí o tó dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn nọ́ńbà tí mo fi okùn àti tẹmómítà wọ̀n nínú fọrááji wa, kànga jíjìn tí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ rẹ̀, tí o kó sínú kọ̀ǹpútà láti mọ bí ooru àti omi ṣe ń rìn nísàlẹ̀ ilẹ̀, àṣìṣe wà nínú wọn. Èmi ni mo ṣe é.

Bí Bàbá Jádesọ́lá, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta okùn, ṣe ń fi ọ̀pá wọn wọ̀n ọ́n ni mo ń ta kókó sí i. Ọ̀pá ni àwa ń pe mítà níhìn-ín, nítorí náà mo kọ “mítà ọgọ́ta” sílẹ̀. Níjẹta, Eugénie aránṣọ fi tépù rẹ̀ wọ̀n láti kókó kan sí èkejì. Sẹ̀ntímítà 91 péré!

Mo jókòó, mo ṣírò. Omi bẹ̀rẹ̀ ní kókó ogún, ooru ibẹ̀ 28. Ní kókó ọgọ́ta, 29,2. Kì í ṣe mítà 40 ló wà láàárín wọn, 36,4 ni. Ooru tí o ní ó ń fi dìgírì 30 lé ní kìlómítà kan ti di 33. Inú mi dùn, àmọ́ ìwọ náà lo sọ pé omi tó ń ṣàn nísàlẹ̀ lè gbé ooru lọ, bí ẹni bu omi tútù sí ẹ̀kọ gbígbóná. Mi ò tíì ju igi ìdáná mi nù. Kí a tó rí ooru 60 tí yóò mú gbáàgúdá gbẹ lásìkò òjò, a ó gbẹ́ ilẹ̀ tó kìlómítà kan. Ta ni yóò sanwó ìyẹn?

Fóònù rẹ kò wọlé, ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí àti 2.500 náà rán Huguette elépo. Fi tún ìwé rẹ tẹ̀. Má fi àṣìṣe mi dúró níwájú ẹnikẹ́ni.

Mo lọ bá Bàbá Jádesọ́lá lánàá. Wọ́n ní, “Màámi, ọ̀pá lẹ rà, ọ̀pá ni mo tà. Ṣé mo pè é ní mítà ni?” Mo ní, “Owó Sakété lẹ gbà, ọ̀pá Sakété ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ ọjà.

Bá mi kí Parfait tí ẹ jọ ń gbé yàrá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,

Berthe.

Ó ṣì kù lọ́wọ́ Bàbá Jádesọ́lá: okùn mítà márùn-ún àti sẹ̀ntímítà ogójì.