Ewé Pupa Inú Omi tí Làmídì Rí

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níhìn-ín ní Onitsha, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Màámi, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àárò mi. Ẹ̀gbọ́n mi Àṣàbí, ẹ kú ọmọ títọ́. Ẹ̀yin àbúrò bàbá mi nínú agbolé, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàámi, inú ìwé ìròyìn ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, ó sì ní ìdí. Ọ̀rọ̀ tí Làmídì awakọ̀ sọ nípa mi, ìta gbangba ló ti sọ ọ́, níwájú àwọn tó ń ra kòkó. Ìta gbangba náà ni n ó ti fèsì. Ó ní òun yà sọ́dọ̀ mi ní Fegge, òun rí ewé pupa kan nínú àpótí omi, òun rí akèrègbè ẹmu tí mo gbé tì í, àti pé mo ti ń bọ nǹkan. Ẹ wá ránṣẹ́ sí mi pé ẹ kò ní wá dúró tì mí lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi máa fún mi ní fúrídọ̀mù, àfi tí mo bá da nǹkan náà nù. Ẹ jókòó, kí wọ́n kà á fún yín, kí ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ gíláàsì ni mo ń kọ́ lọ́dọ̀ Mazi Obiora. Láti ìgbà ogun ni àwọn èèyàn ti fi páálí àti páànù dí ojú fèrèsé wọn. Ní báyìí tí owó epo ti ń wọ ìlú, gíláàsì ni kálukú ń béèrè. Láti àárọ̀ la ti ń gé e, àpá sì ti kún ọwọ́ mi. Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀bẹ ìgégíláàsì kan ṣoṣo ló mú sá lọ nígbà ogun, òun náà ló mú padà wá.

Ọ̀gá báńkì kan wà níbí, ará Ìjẹ̀bú, tí wọ́n gbé wá láti Èkó. Nílé rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí nínú pálọ̀, tí kì í ṣe fún jíjẹ, tó jẹ́ fún wíwò. Ó ti sán, mo lọ tún un ṣe. Koríko kan wà nínú omi rẹ̀ tó ti dúdú, tó ń jẹrà. Ó ní òyìnbó kan tó wá tún afárá ṣe ló fún òun kó tó lọ sílé, pé ewé rẹ̀ máa ń pupa tí ibẹ̀ bá bá a lára mu, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kú lọ́wọ́ èèyàn. Ó fẹ́ jù ú nù. Mo ní kó fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá mo rò pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni. Mo ní n ó mú un pupa. Ó ní bí mo bá lè ṣe é, èmi ni n ó ṣe àpótí ńlá tí báńkì fẹ́ gbé sí gbọ̀ngàn wọn tuntun. Bàámi, ẹ mọ̀ mí. Mo ti sọ ọ́, ó di dandan nìyẹn.

Mo fi àjẹkù gíláàsì ṣe àpótí tèmi, mo fi irin dè é nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi pọ́tì tí a fi ń lẹ gíláàsì dí i. Mo ri ẹ̀ka méjì mọ́ iyanrìn tí mo bù ní odò Ọya. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọ̀ ewé yí padà. Mo sáré ránṣẹ́ sí ọ̀gá báńkì pé ewé ti pupa. Tòun ti táì lọ́rùn ló wọ Fegge wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Àkànní, pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Èyí pupa bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ó ń kú lọ ni.”

Kí ni kí n ṣe? Nílé wa, epo pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pupa, Àṣàbí ẹ̀gbọ́n mi náà pupa. N kò sì rí ewé yìí rí nígbà tí ara rẹ̀ dá. Ojú tì mí gan-an. Kó tó lọ, ó sọ ohun tó kà nínú ìwé òyìnbó fún mi: ewé náà ń fẹ́ oòrùn tó pọ̀, ó ń fẹ́ irin nínú ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí síta máa wọnú omi rẹ̀. Ó ní ibi tí òun ti já a jù sílẹ̀ nìyẹn, pé ta ló fẹ́ jókòó máa mí sínú omi.

Ti oòrùn, iṣẹ́ mi ni. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ Mama Ngozi, ìyá onílé mi, mo yọ páànù kan lórí yàrá mi, mo fi gíláàsì dípò rẹ̀. Ti irin, mo wa ilẹ̀ pupa lẹ́bàá ọ̀nà, irú èyí tí kì í ṣí lára aṣọ oko yín, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ iyanrìn. Mo pa omi kànga tì, omi òjò ni mo ń gbà sí i. Afẹ́fẹ́ yẹn ló dá mi dúró. Lọ́jọ́ kan, mo ń wo ẹmu tó ń hó nínú akèrègbè, mo rántí ohun tí tíṣà wa sọ ní ilé ìwé abúlé, pé afẹ́fẹ́ tó ń mú ẹmu hó, òun náà ni à ń mí síta, òun sì ni ewé ń jẹ. Mo fi ìda dí ẹnu akèrègbè, mo ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, mo ri ẹnu kejì rọ́bà náà sínú omi.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹmu náà kún jù. Ìfófòó rẹ̀ gba inú rọ́bà wọnú àpótí, ẹja kékeré méjì tí mo mú lódò bá yí ikùn sókè. Mama Ngozi pe gbogbo ará ilé wá wò ó, ó ní ọmọ Yorùbá yìí kò lè dá mutí, ẹja ló ń bá a mu ún. Títí dòní, tí mo bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní, “Nwanne, koríko rẹ ti yó bí?” Ọmọ ìyá ni Nwanne lédè wọn.

Ohun tí Làmídì rí nìyẹn. Bó bá bi mí, ǹ bá ṣàlàyé fún un. Kò bi mí. Ẹmu tó ṣẹ́ kù nínú akèrègbè ló ń béèrè.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí ètè gbogbo wa ń là, ewé tuntun yọ. Bàámi, ó pupa roro. Tí oòrùn ọ̀sán bá gba òkè wọlé tó bà lé e, gbogbo ara ògiri mi á pọ́n. N kò ní purọ́ fún yín, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àdúrà. Mo kàn ń sọ Yorùbá ni, nítorí ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má rí ẹni tí n ó bá sọ ọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Mo gé ẹ̀ka kan sínú agolo mílíìkì, mo gbé e lọ sórí tábìlì ọ̀gá báńkì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn akọ̀wé rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Àpótí ńlá náà ti wà ní gbọ̀ngàn wọn báyìí, ó gùn ju ilẹ̀kùn ilé wa lọ. Àwọn tó tò síbẹ̀ láti gbowó máa ń wò ó títí á fi kàn wọ́n tí wọn kò ní mọ̀. Mazi Obiora fúnra rẹ̀ wá, ó fi àtàǹpàkò tọ gbogbo igun rẹ̀ bóyá ó ń jò. Kò jò. Ó ní kí n lọ pe bàbá mi wá.

Mo sọ fún un pé ẹ kò tíì gbà. Ó ní kò burú, pé lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bá ọmọ ọlọ́mọ dúró ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òun á ṣe bàbá fún mi. Mo ní rárá, bàbá mi wà láàyè. Ó ní olórí kunkun ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun á dúró dè yín.

Bàámi, ẹ wọ ọkọ̀ Làmídì gan-an wá, kí òun náà tún un wò. Ẹ wọ yàrá mi lọ́sàn-án, ẹ jókòó tì í. Bí ẹ bá ti fi ojú ara yín rí i, tí ẹ ṣì ní kí n dà á nù, n ó fà á tu lójú yín, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ rí i ná. Ẹnu Làmídì kò tó fún mi láti pa á.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí eegun yín le fún ìrìn àjò yìí, kó má jẹ́ kí Màámi rí àìsàn. Ẹ bá mi kí gbogbo agbolé, ẹ kí Làmídì náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní, agégíláàsì.