Ṣé Ẹ̀yin Lẹ Ní Kí Rájí Kó Yanrìn Síwájú Ọkọ̀?

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti ilé. Ọlọ́hun á fi alijánnà kẹ́ yín. Àwọn sójà ti padà sórí àlééfà láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Màmá wà, orúnkún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. A ti tún òrùlé ilé wa ní Ìlódè ṣe. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga yín lẹ́nu ọ̀nà, àfi Rájí. Kò bi ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe aláròyé ọmọ. Ṣùgbọ́n mò ń jowú, Bàbá, n ò sì ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Ẹ rántí agbégilódò yín. Ẹsẹ̀ Rájí ò tíì tó bíréèkì nígbà tí ẹ ti ń gbé e sórí itan, tí ẹ ń jẹ́ kó di sítíárìn mú. Ní tèmi, búrẹ́dì lẹ máa ń rà bọ̀ fún mi láti ọ̀nà Oǹdó, ẹ óò sì ní kí n lọ kàwé. Mo kàwé. Mo kà á dé ilẹ̀ òyìnbó, níbi tí mo ti kọ́ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ọkọ̀ tó bá ń sáré àsápajúdé. Wọ́n ní ilé gbọọrọ kan níbẹ̀, fáànù ńlá wà ní ìkángun rẹ̀. Ọkọ̀ á dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ ló máa sáré kọjá lára rẹ̀. A máa ń lẹ fọ́nrán òwú mọ́ ara ọkọ̀ náà ká lè rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Mo wo òwú títí ojú fi ń ta mí. Síbẹ̀, n ò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú agbégilódò rí. Rájí mọ orin tí ẹ máa ń kọ bí ẹ bá ń gun òkè. Tí mo bá ní kó kọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ni yóò máa rín, yóò ní òun ti gbàgbé díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó ti di mẹkáníìkì gidi báyìí. Ó kan ọkọ̀ kan tó gùn gbọọrọ bí ọkọ̀ ojú omi, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà, ẹ́ńjìnnì lọ́rì ló gbé sẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ náà ò wúlò fún ọjà, kò wúlò fún oko. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sáré lọ gbọnrangandan. Kọngílá tó ń ṣe ọ̀nà tuntun lẹ́yìn ìlú gbà kó lò ó ní ọjọ́ Sátidé kan kí wọ́n tó ṣí i. Ni orúkọ Rájí bá gba ìgboro. Láti Ẹnuwá dé Ìrémọ ni wọ́n ti ń kí i: "Ọmọ Agbégilódò! Bàbá ẹ ò kú o!" Bí èmi bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ó mú mi dé gáréèjì kí n lè yìn ín. Bí mo ṣe rí ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo lọ tààrà. Ó ti kó àpò yanrìn jọ sẹ́yìn, lókè taya ẹ̀yìn. Mo mọ ibi tó ti rí i. Kò sí awakọ̀ agbégilódò tí kò mọ̀ pé bí lọ́rì bá ṣófo, ìdí rẹ̀ a máa jó lójú ọ̀dà tó tutù, ohun tó wúwo la sì fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, fún eré lọ́rì. Fún irú eré tí Rájí fẹ́ sá, ikú ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín bí mo ṣe ṣàlàyé fún un. Ẹ wo ọfà. Irin wà lórí rẹ̀, ìyẹ́ wà nídìí. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹ́ lafẹ́fẹ́ máa rí mú, orí tó wúwo ò ní yẹ̀, ìdí á sì padà tọ orí lẹ́yìn. Ẹ wá gbé irin náà sídìí, kí ẹ ta á. Yóò yípo lófuurufú, torí ibi tó wúwo ló ń fẹ́ ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ rí. Bó bá ń rọra lọ, afẹ́fẹ́ ò rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Mo ní kó kó yanrìn wá síwájú, kó rẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà wọ abẹ́ rẹ̀ gbé e sókè, kó sì fi páànù ṣe ìrù gíga sẹ́yìn, bí ìyẹ́ ọfà.

"Taya ẹ̀yìn á máa yí lásán, Àǹtí."

"Jẹ́ kó yí. Kó pẹ́ gbéra sàn ju kó dojú dé lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wa ọkọ̀ ẹrù rí?"

"Rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìdí ọkọ̀ ló ń jó, kì í ṣe orí. Bàbá ló kọ́ mi."

"Bàbá ò sá irú eré yìí rí."

"Ẹ̀yin náà ò sá a rí. Inú ìwé lẹ ti sá a."

Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. N ò dákẹ́. Mo mú pòròpórò dé ilé, mo lẹ amọ̀ mọ́ orí kan, mo ki ìyẹ́ adìyẹ bọ orí kejì, mo sì ń jù ú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Màmá pàtẹ́wọ́: "Ọmọ tí a rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, pòròpórò ló wá ń jù!" Ẹ̀rín pa Rájí.

Ìgbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó wá kan ilẹ̀kùn mi ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni. Ó ti kó yanrìn síwájú.

"Àǹtí, Bàbá wá bá mi lójú àlá."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ṣé mo ti rí ọfà tí irin rẹ̀ wà nídìí rí. Wọ́n ní kí n kó yanrìn síwájú, kí n fi páànù ṣe ìyẹ́."

"Rájí, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹ?"

"Ẹ̀yin náà sọ ọ́. Àmọ́ ẹnu Bàbá ló ti yé mi."

Kí ni ǹ bá ṣe? Mo tẹ̀ lé e. A fi ṣéènì gbé ọkọ̀ náà kọ́ títí mo fi mọ ojú ibi tí ìwúwo rẹ̀ wà, mo sì dúró tì í títí wọ́n fi jó ìrù páànù mọ́ ọn.

Ní Sátidé, ó sáré. Ibi tí wọ́n ti gé igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kúrò ni afẹ́fẹ́ ti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí i tí ìdí ọkọ̀ yà. Imú ò yẹ̀. Ìdí náà padà sẹ́yìn imú fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn rọra fà á. Mo ti rí irú rẹ̀ rí nínú ilé afẹ́fẹ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ìyá mi nínú tọ̀hún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, wọ́n ti gbé e sọ́rùn, ó ń pariwo: "Bàbá mi ló ṣe é! Bàbá mi ló ṣe é!" Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni? Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, n ò rí yín lójú àlá rí, kódà n ò rí ẹ̀yìn yín. Ẹ̀yin ò ṣọdẹ, ẹ ò mú ọrun lọ́wọ́ rí, báwo lẹ ṣe wá ń fi ọfà ṣàkàwé? Ṣé ẹ wà lọ́dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mò ń ju pòròpórò ni? Bí ẹ bá wà níbẹ̀, tí ẹ gbọ́ mi, kí ló dé tó jẹ́ ilé Rájí lẹ gbà lọ? Àbí ohùn mi ló gbọ́ lójú oorun, tó wá fi ojú yín bò ó, torí kò lè gbà kí obìnrin kọ́ òun ní ọkọ̀? N ò mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì.

Ó tún fẹ́ sáré. Ẹ́ńjìnnì tó ju ti àkọ́kọ́ lọ ló ń wá kiri. Bíréèkì ò ní lè dá irú eré bẹ́ẹ̀ dúró, taya á jóná. Mo ní kó so aṣọ páráṣúùtù mọ́ ìdí ọkọ̀, tí yóò ṣí lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò máa fà á sẹ́yìn kí ó lè rọlẹ̀ láìyà bàrá. Mo ní kó fi bẹ́líìtì de èjìká méjèèjì, kó sì tẹ irin bí ọrun sókè orí ara rẹ̀ nítorí bó bá dojú dé. Ó ní, "Aṣọ kẹ̀? Ṣé ìyàwó ni mo fẹ́ gbé ni, Àǹtí?" Mo tún ṣàlàyé. Ó ní Bàbá ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún òun.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé yìí nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún padà lọ. Ẹ sọ fún un pé ìdí ọkọ̀ ni kó so aṣọ náà mọ́, kó má so ó mọ́ iwájú láéláé. Ẹ sọ ti bẹ́líìtì, ẹ sọ ti irin òkè orí. Mo tò ó síbí kedere kí ẹ má baà ṣì í sọ. Kó tún pariwo orúkọ yín lójú ọ̀nà, n óò pàtẹ́wọ́. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ni.

Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ tán, ẹ yà sọ́dọ̀ mi. Ẹ má mú ẹ̀kọ́ kankan wá. Kí ẹ ṣáà jókòó díẹ̀.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín towútowú.