Ahọ́n Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ Kò Padà Sẹ́nu

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́, agẹmọ tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ wa, na ahọ́n mú ìrẹ̀ láàárọ̀, ahọ́n náà kò sì padà sẹ́nu. Màmá bú u pé, "Èmi lo ń yọ ahọ́n sí?"

Dókítà ẹranko ní ká máa fi omi rin ahọ́n náà kó má gbẹ. Bí kò bá wọlé títí di ọ̀la, àfi kí wọ́n gé e, ká máa fọwọ́ bọ́ ọ. Ṣé ẹ gbà? Ẹ tẹ̀ mí láago tí ẹ bá ti ka èyí.

Màmá ṣì jókòó tì í, wọ́n ń kán omi sí i: "Ọkọ mi, dá a padà sẹ́nu. Tó bá yá, máa yọ ọ́ sí mi bó ṣe wù ọ́."

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, àti tiẹ̀ náà.

Àbúrò yín