Ìkúnlẹ̀ Orí Kẹ̀kẹ́

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì

"Ràmá, yí gìgísẹ̀ síta! Síta, mo ní!"

Bùrọ̀dá Sàlíù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lé mi lórí ní Tíṣígù, àdúgbò wa. Wọ́n ti ní tí mo bá tún ṣubú, àwọn máa gba bàtà àwọn tí mo wọ̀, irú èyí tó ń há mọ́ pẹ́dàlì, téèyàn gbọ́dọ̀ yí gìgísẹ̀ síta kó tó lè tú.

Mo fẹ́ dúró kí Ìyá Sífáwù lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹsẹ̀ mi ò yọ. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ dà ni bàtà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ni mo bá fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Háà, ọmọ dáadáa! Ó sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wá kúnlẹ̀ kí mi! Sàlíù, ìwọ tó o máa ń juwọ́ sí mi bí ọ̀gá, ṣé o rí i?"

Bùrọ̀dá kàn ń họrí. Bàtà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Orúnkún ń ta mí, àmọ́…

Lọ́la màá gba ibẹ̀ kọjá, màá yọ ẹsẹ̀ dáadáa, màá kúnlẹ̀ kí wọn. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn.