Abọ́ Wàrà Ẹṣin Tí Taalai Gbé fún Mi

Àǹtí Burulcha mi,

Kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí láàárọ̀ àná. Taalai, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, gba abọ́ wàrà ẹṣin kíkan lọ́wọ́ Bàbá àgbà, ó fi kan ètè, ó yọ́ lọ sẹ́yìn ilé, ó dà á nù. Òun náà kò lè mu ún! Ìgbà náà ló yé mi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe mí ni lésìí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù Moscow. Orúnkún Bàbá àgbà ti fúyẹ́. Màmá àgbà ní kí ẹ máa jẹun dáadáa.

Lésìí, láàárọ̀ eré ìje kìlómítà méjìlélógójì, Taalai gbé abọ́ mẹ́ta fún mi níṣojú àwọn àgbà. "Mu ún, ọmọ ìdálẹ̀! Àbí o fẹ́ kọ wàrà Bàbá àgbà?" Ó mọ̀ pé mi ò dàgbà níbí, wàrà náà kò tíì mọ́ mi nínú. Ta ló tó kọ̀ ọ́? Ní kìlómítà kẹwàá, inú mi dàrú, mo sá wọgbó, ó sì ń rẹ́rìn-ín kọjá. Títí dòní, "Ìyáàfin Inú-rírun" ló ń pè mí.

Àǹtí, láti oṣù kẹfà ni mo ti ń mu abọ́ kan láràárọ̀ kí n tó sáré. Ó ti mọ́ mi nínú. Ọjọ́ Àìkú ni èmi àti Taalai yóò tún sáré ìje náà.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín fún wa. Ẹ tètè fèsì: ṣé kí n gbé abọ́ mẹ́ta fún un níwájú Bàbá àgbà, àbí ẹsẹ̀ mi nìkan ni kí n fi gbẹ̀san?

Begayim yín