Eruku Ìyẹ̀fun Ni, Kì í Ṣe Ẹyin

                                        Yàrá Àyẹ̀wò Àlẹ́jì,
                                        Òkè Kejì,
                                        Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ,

Báwo ni ara? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé eyín tó ń dun ìyá ọkọ rẹ ti jẹ́ kí wọ́n sùn? Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìjókòó. Tó o bá wà ní ìdúró, jọ̀wọ́ fa àga. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni. Àwọn ọmọ mi ń béèrè rẹ. Àbíkẹ́yìn ṣì ń sọ pé o mọ irun dì jù mí lọ, mi ò sì bá a jiyàn.

Ọkọ rẹ ló gbé lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, òun náà ló sì ní kí n kọ ọ́. Mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ, ó ní, "Tí n bá dé iwájú rẹ̀, ahọ́n mi á wúwo. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó." Nítorí náà, mo tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín ló ti ń pè mí ní ìyàwó rẹ̀ kékeré. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá àyẹ̀wò nítorí èémí tí kì í jẹ́ kó sùn lóru, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Dókítà." Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

O máa ní Tíṣà, orúkọ tó o sọ mí láti kékeré, tún ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àyẹ̀wò náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. A máa ń fi bírò sàmì sí inú apá, a óò kán omi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹyin wà nínú ọ̀kan, wàrà wà nínú òmíràn, àti ẹja, àti ẹ̀pà, àti eruku inú ìrọ̀rí, àti irun ológbò, àti ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà, a óò fi ṣónṣó abẹ́rẹ́ gún awọ ara díẹ̀ lábẹ́ omi náà. Ẹ̀jẹ̀ kì í jáde. Èyí tí ara bá kọ̀ á wú, á pọ́n, á máa yún bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Àmọ́ àwọn méjì kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe oúnjẹ, tí kì í ṣe eruku. Omi lásán ni ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ wú lára ẹnikẹ́ni. Èkejì, ohun tó ń mú awọ yún gan-an ni, ó gbọ́dọ̀ wú lára gbogbo èèyàn, ìbáà ṣe èmi, ìbáà ṣe ìwọ. Ẹlẹ́rìí wa ni àwọn méjèèjì. Láìsí wọn, mi ò lè gba ohun tí apá ẹnikẹ́ni bá sọ gbọ́.

A dúró. Gbogbo apá rẹ̀ tẹ́jú, kò sí èyí tó wú. Inú ọkọ rẹ dùn, ó ti ń na ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. "Dókítà, ẹ ò rí i pé kò sí nǹkan kan? Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ ò ní mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kó búrẹ́dì jáde."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹlẹ́rìí kejì kò wú. Èyí tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lára gbogbo èèyàn ló yadi. Mo béèrè oògùn tó lò, ó ní òun ò lo nǹkan kan. Mo ní, "Ọkọ mi, ara yín ti sọ fún mi."

Ó wá jẹ́wọ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ọjọ́ àyẹ̀wò fún òun ni òun ti ń gbé oògùn tó ń dá ara yíyún dúró mì láràárọ̀, kí ara òun má bàa tú òun fó. Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì ọmọ oníbúrẹ́dì ni mí. Kí ni mo tún fẹ́ jẹ́?"

Má bínú sí i. Mo mọ awakọ̀ kan tó há gbogbo lẹ́tà ara ògiri oníṣègùn ojú sórí kí wọ́n má bàa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìbẹ̀rù bá ń lé kì í wo ọ̀nà.

Mo ní kó dá oògùn náà dúró, kó sinmi nílé, kó padà wá. Ìwọ náà rí i nígbà ìsinmi yẹn pé kò dìde jókòó lórí ibùsùn mọ́ láti wá èémí. O pè mí lórí fóònù tayọ̀tayọ̀, o ní torí pé o ti kó ẹyin kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi, wàrà lo kọ́kọ́ kó kúrò, ẹja tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀pà, lẹ́yìn náà ẹyin. Ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ọkùnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó jẹ́ kó sùn ni pé kò dé ìdí àpò ìyẹ̀fun.

Lánàá, a tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ẹlẹ́rìí kejì wú bó ṣe yẹ. Ẹyin kò wú. Wàrà, ẹja, ẹ̀pà, ìkankan nínú wọn kò wú. Ti ìyẹ̀fun wú kọjá ìlà tí mo fi bírò fà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

O máa bi mí pé ṣebí ó ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kó sì máa jẹ ẹ́. Ọ̀nà tí nǹkan gbà wọlé ló yàtọ̀. Iná ti yí ìyẹ̀fun inú búrẹ́dì padà, ikùn á tún lọ̀ ọ́. Èyí tó ń fò nígbà tí wọ́n bá ń da àpò, láìtíì rí iná ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ara sì lè gba nǹkan láyè fún ọdún gbọọrọ kó tó kọ̀ ọ́.

Ó béèrè bóyá ìbòmú á tó. Mo ní á dín in kù, kò ní tó. Ó béèrè bóyá kí wọ́n máa da àpò jẹ́jẹ́. Mo sọ òótọ́ fún un pé tó bá dúró síbẹ̀, ìgbà kan ń bọ̀ tó máa kúrò tí èémí náà ò ní padà. Ó wá bi mí bóyá ohun tó pa bàbá òun nìyí, tí gbogbo ẹbí ń pè ní ikọ́ ìdílé. Mo ní mi ò yẹ bàbá rẹ̀ wò, mi ò lè sọ̀rọ̀ lé ẹni tí mi ò rí.

Dá gbogbo oúnjẹ rẹ̀ padà fún un. Oògùn fífà símú wà lọ́wọ́ rẹ̀, rí i pé ó ń lò ó. Kò tíì sọ fún mi ohun tó máa ṣe nípa iṣẹ́ náà, má tíì bi í.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yí padà. Ó ní, "Àbúrò mi ló ń da àpò báyìí. Ó ti ń sín láràárọ̀." Mo ní kó mú un wá. Mo ní tó bá fẹ́, mo lè kọ̀wé sí àbúrò náà.

Ó ní rárá, òun máa fi ẹnu ara òun sọ fún un.

Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi ni, tìrẹ láti kékeré,

Tíṣà.